Ṣé Ó Yẹ Kí Ọmọ Ajégúnlẹ̀ Lọ Ka Ijó Gboyè?

Kòkòrò tó ń jó lẹ́bàá ọ̀nà, onílù rẹ̀ ń bẹ nínú igbó. Ẹni tó ń ṣe fáàrí nítorí pé alágbára kan ń tì í lẹ́yìn ni àwọn àgbà ń fi òwe yìí bá wí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé e dé Ajégúnlẹ̀ ní Èkó, ó bá oníjó gidi mu. Láti àwọn ọdún 1990 ni àwọn ọmọ àdúgbò yìí ti ń jó lẹ́bàá ọ̀nà, tí gbogbo Nàìjíríà sì ń wò wọ́n. Ẹni tó ń gba owó ìlù, tó sì ń pinnu ìgbà tí agbo yóò tú, inú igbó ló wà. Àwọn oníjó kò mọ ojú rẹ̀. Èmi gbà pé ó yẹ kí ọmọ tó bá ní ẹ̀bùn ijó lọ kà á gboyè ní yunifásítì, kó lè mọ ẹni tó ń lùlù fún un, kó sì lè gba ọ̀pá ìlù náà lọ́jọ́ kan. Mo sì gbà pé bí àwọn yunifásítì wa ṣe ṣí ìlẹ̀kùn wọn sílẹ̀ lónìí, ọmọ tó yẹ kó wọlé gan-an ni wọ́n ń tì í mọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ bàbá, nítorí agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bàbá yìí ti jí lọ sí wáàfù Àpápá kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti bá kọ̀ntéénà wọ̀yá ìjà láti òwúrọ̀, ó sì ti fi ẹsẹ̀ rìn gba àárín tírélà padà sílé. Ọmọ rẹ̀ wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

“Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ijó ni mo fẹ́ lọ kọ́ ní yunifásítì.”

“Ijó kẹ̀? Èyí tí o ń jó kiri ní Boundary láti ọjọ́ yìí wá, ta ló kọ́ ọ? Ṣé kí n wá máa sanwó ilé-ìwé lórí ohun tí o ti mọ̀ ni? Bó o bá sì kọ́ ọ tán, kí lo máa jẹ?”

Bàbá yìí kì í ṣe òpè. Ẹjọ́ méjì ló rò pọ̀: pé a kì í lọ sílé-ìwé nítorí ijó, àti pé ijó kì í bọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká tú wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lórí ti àkọ́kọ́, ẹ̀rí bàbá pọ̀. Yunifásítì kankan kọ́ ló bí ijó gálálà. Ilé ayálégbé Ajégúnlẹ̀ ló bí i, níbi tí Ìlàjẹ, Ìgbò, Urhobo, Ijaw àti àwọn Yorùbá mìíràn ti ń gbé inú ọgbà kan náà, tí ọmọdé fi lè dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá kan ṣoṣo kó sì wo ijó ìlú mẹ́ta lọ́jọ́ òkú tàbí lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Daddy Showkey, Baba Fryo àti Daddy Fresh gbé orin àdúgbò náà jáde, ijó bá orin lọ. Nígbà tó yá, Marvelous Benji gbé ijó súò tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ta ló sọ pé Yorùbá ń jó láìkọ́ ijó? Ọmọ tí wọ́n bí sílé onílù bàtá, ọwọ́ omele ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, ọdún á gorí ọdún kí wọ́n tó fi ìyáàlù lé e léjìká. Oníjó bàtá gbọ́dọ̀ gbọ́ ohun tí ìlù ń sọ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó lè dá ìlù lóhùn. Hubert Ògúndé kò gba oyè nínú eré ṣíṣe kó tó dá ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ sílẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọnú ẹgbẹ́ náà, ilé-ẹ̀kọ́ ló wọ̀. Agbo ilé àti ẹgbẹ́ òṣèré ló ń kọ́ni nígbà náà. Ṣùgbọ́n kò sí irú agbo ilé bẹ́ẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀; ayálégbé ló pọ̀ jù níbẹ̀. Bí onílé bá fi owó kún owó ilé, ẹni tó mọ ijó á kó ẹrù rẹ̀, ohun tó mọ̀ á sì bá a lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú ara mi rí. Nírọ̀lẹ́ kan, mo dúró wo àwọn ọmọ kan tó ń múra ijó sílẹ̀ lórí kọnkéré lẹ́yìn ilé-ìwé kan. Wọ́n gbé fóònù ti búlọ́ọ̀kù, ọ̀kan nínú wọn ń fi àtẹ́wọ́ ka ìgbésẹ̀, ariwo jẹnẹrétọ̀ sì fẹ́ẹ̀ bo orin mọ́lẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n jó jù láàárín wọn fi aṣọ di orúnkún. Bó bá fò sókè, gìgísẹ̀ ló fi ń balẹ̀, gbì, bí ẹni pé wọ́n ju àpò sìmẹ́ńtì sílẹ̀. Bí wọ́n bá sinmi, á tú aṣọ náà, á fi ìpara Aboniki ra orúnkún, á tún dì í padà. Mo bi í pé kí ló ṣe é. Ó ní, “Kò sí nǹkan, sà, ara ijó ni.” Kì í ṣe ara ijó o. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ pé ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ kan ilẹ̀, kí gìgísẹ̀ tẹ̀ lé e, kí orúnkún sì tẹ̀ láti gba ìwúwo ara. Ọmọ ogún ọdún ni, ó ti ń fi orúnkún àgbàlagbà rìn.

Ohun tí wọ́n ń kọ́ ní yunifásítì kọ́ nìyẹn? Ní ọdún 1926, nígbà tí Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà di àkọ́kọ́ tó ń fúnni ní oyè nínú ijó, obìnrin tó dá ètò ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, Margaret H’Doubler, ìmọ̀ ohun abẹ̀mí ló kà kó tó dé ìdí ijó. Egungun ènìyàn wà nínú kíláàsì rẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè rí oríkèé tó ń yí kó tó yí tirẹ̀. Pearl Primus, tí wọ́n bí ní Trinidad, ìmọ̀ ohun abẹ̀mí lòun náà kọ́kọ́ kà. Ní òpin àwọn ọdún 1940, ó wá sí ilẹ̀ wa láti kọ́ ijó. Ọọ̀ni Ifẹ̀ fún un ní orúkọ, Ọmọ́wálé. Ó padà sí Amẹ́ríkà, ó ń jó, ó ń kọ́ni, nígbà tó sì di ọdún 1978, ó kàwé gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì New York. Ẹni tó wá láti òkè òkun kọ́ ijó lọ́dọ̀ wa di ọ̀mọ̀wé; àwa tí a ni ijó ń sọ pé ijó kì í ṣe ohun tí à ń kà níwèé.

Ó ku ẹjọ́ kejì: kí ni ọmọ máa jẹ? N kò ní parọ́ fún bàbá. Ìwé ẹ̀rí nìkan kì í bọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ka ìṣirò owó àti ẹni tó ka òfin náà ń wáṣẹ́ kiri Èkó. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹni tó ka ijó lè máa kọ́ni, ó lè máa to ijó fún fíìmù, fún ìpolówó ọjà àti fún olórin, ó lè ṣe ìwádìí. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé yóò mọ ohun tó jẹ́ tirẹ̀. Òfin kọ́píráìtì Nàìjíríà ti ọdún 2022 dáàbò bo ijó tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ tò, ó kà á mọ́ iṣẹ́ tí à ń kọ sílẹ̀. Àmọ́ ó ní àdéhùn kan: ijó náà gbọ́dọ̀ wà nínú ohun tí a lè tún wò, ì báà ṣe ìwé, ì báà ṣe fídíò. Ijó tó bá parí sórí kọnkéré, òfin kò rí i. Láti ọdún 1928 ni Rudolf Laban ti gbé ọ̀nà kan jáde tí a fi ń kọ ijó sínú ìwé bí a ṣe ń kọ orin. Mélòó nínú àwọn tó ń jó lẹ́yìn olórin ló mọ èyí? Wọ́n á gba owó ọjọ́ kan, wọ́n á wọ dánfó lọ sílé, fídíò á máa yí káàkiri ayé, orúkọ wọn ò ní sí níbẹ̀.

Bàbá ti gbọ́ tirẹ̀. Ó wá kan yunifásítì. Ìbàdàn ti dá ilé-ẹ̀kọ́ eré orí ìtàgé sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Peggy Harper sì kọ́ wọn níjó níbẹ̀. Lónìí, ní Ìbàdàn, ní Ìlọrin, ní Akọka àti ní LASU tó wà lọ́nà Badagry, inú eré orí ìtàgé tàbí iṣẹ́ ọnà ni ijó fara pamọ́ sí. Wọ́n ṣe tiwọn yàtọ̀ ní Gánà. Ní ọdún 1962, nígbà tí wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ orin, ijó àti eré sílẹ̀ ní Legon lábẹ́ Kwabena Nketia, wọ́n fi ijó lé Mawere Opoku lọ́wọ́, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ oníjó orílẹ̀-èdè sílẹ̀ lọ́dún kan náà, kí ohun tí wọ́n ń kà àti ohun tí wọ́n ń jó má bàa pínyà.

Báwo ni ọmọ tó fi aṣọ di orúnkún yẹn yóò ṣe wọlé? JAMB yóò fi máàkì 400 dán an wò, kò sì ní sí ẹyọ kan níbẹ̀ fún ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n á tún bi í léèrè Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó mọ̀wé tí kò lè jó á wọlé, á sì gboyè. Ẹni tó lè jó á dúró síta. Àwọn kan á ní bí a bá ṣílẹ̀kùn fún irú wọn, oyè náà á di yẹpẹrẹ. Kí wọ́n wo Germaine Acogny, tí wọ́n bí ní Dàhòmì lọ́dún 1944, tí ìyá rẹ̀ àgbà jẹ́ ìyálórìṣà Yorùbá. Ilé-ẹ̀kọ́ ijó tó dá sílẹ̀ ní Toubab Dialaw, ní Sẹ̀nẹ̀gàl, ara oníjó ni wọ́n ń wò níbẹ̀. Láti gbogbo Áfíríkà ni wọ́n ti ń wá. Ní ọdún 2021, Venice ní Ítálì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Kìnnìún Wúrà. Ta ló pe ìyẹn ní yẹpẹrẹ?

Nítorí náà, kí yunifásítì ní kí ọmọ jó kí wọ́n tó wo ìwé rẹ̀, kí wọ́n sì kọ́ ọ ní èyí tó kù nínú ìwé lẹ́yìn tó bá ti wọlé. Kí wọ́n gba àgbà onílù àti àgbà oníjó bàtá ṣe olùkọ́, kí wọ́n má béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ wọn. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Kí wọ́n sì gbé dípúlómà ọlọ́dún kan tàbí méjì sún mọ́ àwọn ọmọ náà. Tíátà tí ìjọba kọ́ sí Ìgànmú fún FESTAC ọdún 1977, tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè lọ́dún 2024, kò jìnnà sí Ajégúnlẹ̀ rárá. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Gálálà sì ti di ilé tí ẹnikẹ́ni ń wọ̀ láìbi onílé léèrè.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ má wulẹ̀ bi ọmọ yín pé kí ló máa jẹ. Ẹ bi ilé-ìwé tó fẹ́ gbowó yín pé: lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, kí ni ọmọ mi yóò mọ̀ nípa ara rẹ̀, nípa ìlù rẹ̀ àti nípa ẹ̀tọ́ rẹ̀ tí kò mọ̀ lónìí? Yunifásítì tó bá dáhùn ìbéèrè yìí, ẹ fún un lọ́mọ. Èyí tí kò bá rí i dáhùn, owó wáàfù yín kò tọ́ sí i.