A Kì í Gbé Ẹ̀bá Odò Fi Itọ́ Bọ́jú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í gbé ẹ̀bá odò ká máa fi itọ́ bọ́jú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá wo ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ ìjọ Áńgílíkà tí a tẹ̀dó sí Mòwé, sí Ìbàfò àti sí Ìfọ̀, tí Ìwé Àdúrà wà nínú àpótí wa láàárín aṣọ ìmúròde, tí a kì í mú un jáde àfi ní ọjọ́ Ìsinmi, tí a sì tún ń ráhùn pé ọkàn wa ti gbẹ táútáú, mo mọ̀ pé àwa gan-an ni òwe náà ń bá wí. Ohun tí mo fẹ́ jà fún kò lọ́jú pọ̀: ètò àdúrà tàárọ̀-tàṣálẹ́ tí àwọn baba ìjọ fi lé wa lọ́wọ́ kì í ṣe ti àlùfáà nìkan, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ kò jẹ́ kó rójú ráyè ni a tìtorí rẹ̀ ṣe é.

Mo mọ èsì tí wọn yóò kọ́kọ́ fọ̀ fún mi. Wọn á ní, "Ẹ̀gbọ́n, àyè dà?" Ẹjọ́ wọn kò ṣòfo. Ẹni tó bá dúró sí ibùdókọ̀ Ìbàfò ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí, lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí a ṣí ní 1978, yóò rí èrò tí wọ́n ti wẹ̀, tí wọ́n ti múra iṣẹ́, tí kọ̀ndọ́kítọ̀ ń pè sí Bẹ́gà àti Ọ̀jọ́ta ní Èkó, tí ìyá pọn ọmọ tó ń sùn, tó tún fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ pẹ̀lú àpò ìwé, tó sì jẹ́ pé aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn yóò tó tún fojú kan ilé. Nígbà tí òùngbẹ ẹ̀mí bá wá ń gbẹ wá, a ó bá èrò lọ sí Kámpù ìjọ Rìdíìmù lọ́nà Mòwé ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, tàbí sí Ìlú Àdúrà ti ìjọ Òkè Iná ní Ìbàfò. N kò bú ẹnikẹ́ni tó ń lọ, nítorí ọ̀nà kan kò wọ ọjà, mo sì ti rí ẹni tí Ọlọ́run bẹ̀ wò níbẹ̀. Àmọ́ ìṣọ́ òru kan kò lè ṣe iṣẹ́ ọgbọ̀n òwúrọ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ẹ jẹ́ ká wo orírun ètò náà. Kó tó di 1549, àwọn mọ́ńkì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa gbàdúrà nígbà púpọ̀ lọ́sàn-án lóru, lédè Látìn tí alágbẹ̀dẹ àti aláṣọ kò gbọ́. Thomas Cranmer, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury, ló kó o pọ̀ sí méjì nínú Ìwé Àdúrà ọdún náà, òwúrọ̀ àti àṣálẹ́, ní èdè tí tẹrú-tọmọ gbọ́, tí a sì pín àádọ́jọ Orin Dáfídì sí ọgbọ̀n ọjọ́, kí ẹni tó bá ń bá a lọ déédéé lè máa kà á parí lóṣooṣù. Nígbà tí ìyìn rere wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbá ọmọ Lísàbí, tí Henry Townsend dé Abẹ́òkúta ní 1843, Àjàyí Crowther, ọmọ Ọ̀ṣoògùn tí amẹ́rú kó ní 1821 tí Olúwa sì gbé ga di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, kò jẹ́ kí àdúrà náà wà lédè òyìnbó nìkan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀ sí èdè abínibí wa. Ní 1848 ni ìyá rẹ̀, Àfàlá, ṣe ìrìbọmi ní Abẹ́òkúta, tí a sọ ọ́ ní Hánà. Ohun tí àwọn arúgbó ìgbà náà tí kò mọ̀wé kà bá fẹ́ mú kúrò nínú ìsìn lọ sílé, orí ni wọ́n ń kọ́ ọ sí.

Ibẹ̀ ni àwọn kan ti ń ta kò wá, tí wọ́n ní àdúrà àkọ́sórí kò ní ẹ̀mí nínú. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dá mi lóhùn: oríkì tí ìyá fi ń jí ọmọ láàárọ̀, tó ń pè é ní Àjàní tàbí Àṣàkẹ́, ṣé òwúrọ̀ ọjọ́ náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ronú rẹ̀? Ẹnu ìyá tirẹ̀ ló ti gbọ́ ọ, síbẹ̀ orí ọmọ ń wú. Mo lọ kí ìyá àgbà kan ní Ìfọ̀, tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ débi pé kò lè pe orúkọ ọmọ tó ń fún un lẹ́kọ mu. Àlùfáà bẹ̀rẹ̀ Orin Dáfídì kẹtàlélógún. Ètè ìyá mì. Ọwọ́ rẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ di etí ibùsùn mú. Ó sì bá a kà á dópin láìṣi ọ̀rọ̀ kan. Bàbá rẹ̀ ló máa ń mú wọn kà á ní ìdájí kí wọ́n tó mú ọ̀nà oko pọ̀n, nígbà tí òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ ṣì ń tòògbé. Àdúrà tí èmi ìbá hun lọ́jọ́ náà, bó ti wù kó dùn tó, kò lè dé ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn bá a dé.

Ní ti àyè tí a ní kò sí, Orin Dáfídì ọjọ́ náà, Àdúrà Olúwa àti àdúrà tí a yàn fún ọ̀sẹ̀ kò gbà ju àkókò tí ọkọ̀ fi ń dúró sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ṣáájú Kára. Kò gba ariwo, kò gba gbohùngbohùn. Èèyàn lè sọ ọ́ jẹ́jẹ́ lórí ìjókòó dánfó. Kíkéré labẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

  

Agbójúlógún fi ara rẹ̀ fóṣì ta. Pé bàbá wa jẹ́ bàbá ìjọ, pé inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti sọ wá lórúkọ, kò lè gbàdúrà fún wa. Ìwé Àdúrà ti 1662 pàṣẹ pé kí àlùfáà máa ka ìsìn òwúrọ̀ àti ti àṣálẹ́ lójoojúmọ́ bí kò bá sí ohun tó dí i lọ́wọ́, kó sì mú kí wọ́n lu agogo kí àwọn ènìyàn lè wá bá a gbàdúrà. Bí agogo bá wá ń dún ní aago márùn-ún ààbọ̀ ní Mòwé, nígbà tí ìdajì ìjọ ti kọjá Bẹ́gà, ta ni à ń lù ú fún? Ohun tí mo ń bẹ àwọn àlùfáà wa fún ni pé kí wọ́n mú un wá sí aago mẹ́ta ààbọ̀, kí ìsìn náà má sì ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Mo sì ń bẹ àwọn bàbá ìjọ, àwọn ìyá ìjọ àti Ẹgbẹ́ Ìyá kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Ádífẹ́ǹtì tó ń bọ̀, tí í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ìjọ, láti máa lọ láti ilé dé ilé lálẹ́, kí wọ́n fi bí a ti ń ṣí Ìwé Àdúrà sí ibi tó kan han àwọn ọmọ, kí ó lè jẹ́ pé bí bàbá àti ìyá bá há sójú ọ̀nà, ọmọ ọdún mẹ́wàá á lè ṣáájú àwọn àbúrò rẹ̀ nínú àdúrà àṣálẹ́ kí wọ́n tó sùn.