Ẹ Yẹ Igi Wò Kí Ẹ Tó Gé E

Ọdọọdún ni. Òjò àkọ́rọ̀ á gbé ìjì wá, igi kan á wó lu òrùlé tàbí lu mọ́tò nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́, fọ́tò rẹ̀ á gba orí WhatsApp kan, kí ọ̀sẹ̀ méjì sì tó pé, àwọn onígẹdú á ti wọlé pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì wọn. Wọn kì í mú igi tó wó nìkan. Gbogbo igi tó tò sí ojú ọ̀nà yẹn ni wọ́n á gé lulẹ̀, èyí tó ń ṣàìsàn àti èyí tí ara rẹ̀ le koko. Bí a bá béèrè ìdí rẹ̀, ìdáhùn kan náà ni: ewu ni wọ́n.

A ò sọ pé igi kì í pa ènìyàn. Àwọn àgbà ní igi tí a fẹ̀yìn tì tí kò gbani dúró, bó bá wó luni kò lè pani. Ìyẹn dára fún ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ àti ìbátan, ṣùgbọ́n ẹ̀ka mẹ́línà tó já láti òkè ilé alájà méjì kò gbọ́ òwe. Ohun tí a ń bá jà ni pé wọ́n ń gé igi láì yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tó ga, tó sanra, tó ti pẹ́, òun ni wọ́n ń pè ní ewu. Ẹ̀rù nìyẹn, kì í ṣe àyẹ̀wò. Nígbà mìíràn, kì í tilẹ̀ ṣe ẹ̀rù. Ẹ fara balẹ̀ wo ohun tí ọkọ̀ ń kó jáde ní géètì: ọ̀gánwó tó dúró ṣánṣán, tí pákó kún inú rẹ̀, ni wọ́n ń kọ́kọ́ gé. Pánṣẹ́kẹ́ tó ti dihò, tí ikán ti jẹ inú rẹ̀, tó sì tẹ̀ sórí ibi tí a ti ń dúró de kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Ta ni yóò ra ihò?

Igi nìkan kọ́ ló ń di ewu. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ igi tó lè wó, kí ènìyàn tàbí dúkìá sì wà níbi tí yóò wó sí. Igi tó ti kú lẹ́yìn pápá bọ́ọ̀lù, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í gbà, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹyẹ àkókó. Bí irú igi kan náà bá wà lẹ́nu ọ̀nà hóstẹ́ẹ̀lì, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Nítorí náà, kí a tó pe onígẹdú, ìbéèrè kan wà tí kò náni ní kọ́bọ̀: ṣé a kò lè gbé bẹ́ǹṣì àti ibi ìgbọ́kọ̀sí kúrò lábẹ́ rẹ̀? Ṣé ẹ̀ka kan péré kọ́ ló yẹ kí a gé?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń wo òkè bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá igi yóò wó. Ìdí rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Ọ̀pọ̀ jù nínú gbòǹgbò igi kò wọlẹ̀ jìn. Inú nǹkan bíi 60 sẹ̀ǹtímítà àkọ́kọ́ ni wọ́n wà, wọ́n sì nà kọjá ibi tí ẹ̀ka dé. Ẹni tó bá gbẹ́ gọ́tà tàbí kòtò wáyà íntánẹ́ẹ̀tì ní ìgbésẹ̀ méjì sí ara igi ti gé e lẹ́sẹ̀. Ewé rẹ̀ lè tutù yọ̀yọ̀ fún ọdún kan tàbí méjì, títí ọjọ́ tí ilẹ̀ bá rin gbingbin tí ìjì sì dé. Gbogbo wa á wá máa sọ pé afẹ́fẹ́ ló wó o. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń sun ìdọ̀tí sí ìdí igi ní àràárọ̀, tí èèpo rẹ̀ fi kú.

Bí olú líle, tó rí bíi pèpéle, bá ń yọ ní ìdí igi, ẹ má kàn yọ ọ́ dànù. Èso lásán nìyẹn. Inú igi ni ìjẹrà wà. Bí ilẹ̀ bá sán tó sì gbé sókè ní ẹ̀gbẹ́ kan, kánjúkánjú ni ọ̀rọ̀ yẹn. Igi tó ti tẹ̀ láti kékeré, tó tún yí orí sókè, ti kọ́ ara rẹ̀ fún un. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lóṣù tó kọjá ni ká sá fún. Ẹ wo oríta ẹ̀ka pẹ̀lú: níbi tí ẹ̀ka ńlá méjì ti fún ara wọn pọ̀, tí èèpo há sáàárín wọn, ibẹ̀ ló máa ń là.

Ní ti ihò, Claus Mattheck, onímọ̀ físíìsì ní Karlsruhe ní Jámánì, wo ọ̀pọ̀lọpọ̀ igi tó dúró àti èyí tó ṣẹ́. Ó rí i pé ihò nìkan kò tó ìdí. Ìgbà tí igi tó yè lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò bá tó nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìwọ̀n láti àárín igi dé èèpo rẹ̀ ni ìṣòro dé. Igi tó fẹ̀ ní 60 sẹ̀ǹtímítà, tí 15 sẹ̀ǹtímítà nínú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣì le yíká, lè pẹ́ láyé. Èyí tó ku 5, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gé e. Àwọn onímọ̀ mìíràn ń bá a jiyàn lórí òǹkà yẹn, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó sàn ju fífi ojú lásán díwọ̀n lọ. Òòlù onígi, ọ̀bẹ, téèpù ìwọnṣọ àti ìwé àkọsílẹ̀ la fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ kan òòlù mọ́ ọn. Igi tó dihò ń dún bí ìlù.

Àsìkò tún wà fún un. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé ló dára jù, àmọ́ àràbà àti tíìkì máa ń wọ́wé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀ka tó kú àti èyí tó yè á sì jọra. Ẹ fi ọ̀bẹ ha èèpo díẹ̀: èyí tó yè á tutù, á ní àwọ̀ ewé lábẹ́.

Àwọn kan ń gé orí igi kúrò pátápátá kí ó má baà ga mọ́. Ẹ̀ka tuntun tó máa hù lójú egbò yẹn kì í di igi mú dáadáa, ojú tí wọ́n gé náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Wọ́n sọ ewu kan di mẹ́wàá, wọ́n tún gbowó iṣẹ́.

Ẹnìkan á ní àyẹ̀wò kì í rí gbogbo nǹkan. Òótọ́ ni. Ní oṣù kejì ọdún 2017, igi tembusu kan tó ti lé ní 270 ọdún wó nínú Singapore Botanic Gardens, ó sì pa obìnrin kan. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2016 ni wọ́n wò ó kẹ́yìn, wọn kò sì rí àìsàn lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò torí rẹ̀ gé gbogbo igi ńlá inú ọgbà náà. Ẹni tí àyẹ̀wò kò bá tẹ́ lọ́rùn, kò lè fi àìyẹ̀wò rọ́pò rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti kàwé jáde, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín náà. Bí a bá ní kí wọ́n gé igi kan tó ti jẹrà, ẹ̀yin lẹ máa ń kọ́kọ́ pariwo pé abẹ́ rẹ̀ lẹ ti kàwé, abẹ́ rẹ̀ lẹ ti pàdé ìyá àwọn ọmọ yín. A gbọ́ o. Àwọn tó jókòó síbẹ̀ báyìí náà ní ìyá. Ẹ bá wa ra ọ̀gánwó kékeré tí a máa gbìn rọ́pò rẹ̀, kí ẹ sì sanwó ẹni tí yóò máa bomi rin ín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Kì í ṣe pé kò sí onímọ̀. FRIN wà ní Jẹ́ríkò n'Ìbàdàn. Wọ́n ń kọ́ ìmọ̀ igbó àti igi ní UI, ní FUNAAB l'Abẹ́òkúta, ní FUTA l'Àkúrẹ́. Ní Èkó, ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ gé igi gba ìyọ̀ǹda lọ́dọ̀ LASPARK. Nínú ọgbà tiwa, lẹ́tà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ti tó.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́ kò pọ̀. Ẹ fún igi kọ̀ọ̀kan tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, kíláàsì àti hóstẹ́ẹ̀lì ní nọ́ńbà. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ ìmọ̀ igbó àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ yẹ̀ wọ́n wò lọ́dọọdún àti lẹ́yìn ìjì ńlá, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Kí ẹ tó gé èyíkéyìí, ẹ lẹ ìdí rẹ̀ mọ́ ojú pátákó fún ọjọ́ méje, àfi èyí tó bá ti ń wó lọ. Kí ẹ sì sọ ẹni tó ra pákó rẹ̀ àti iye tó san. Pánṣẹ́kẹ́ ibùdó kẹ̀kẹ́ yẹn kò nílò ọjọ́ méje. Ẹ gé e lọ́sẹ̀ yìí.