Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́: Ẹ Fi Àmì Sílẹ̀ Lórí Orúkọ Wa

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a kò lè gbé mì.

Ní Ẹgbẹ́dá níbí, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn ìyá ọlọ́jà kan ní kí a bá àwọn kó àkọsílẹ̀ wọn kúrò nínú ìwé lọ sórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní níwọ̀n bó ti jẹ́ pé Yorùbá ni à ń kọ́ ní yunifásítì, a ó mọ orúkọ àwọn kọ dáadáa. A sì kọ ọ́ tàmì tàmì. A ṣe àtẹ méjì: ọ̀kan fún orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, èkejì fún owó tí kálukú ń dá lóṣooṣù. Bí ẹnìkan bá fẹ́ yá owó, kóòdù wa yóò mú orúkọ rẹ̀ nínú àtẹ kìíní, yóò fi wá owó rẹ̀ nínú àtẹ kejì.

Ọjọ́ tí màmá kan wá yá owó ọjà ni àṣírí wa tú. Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n ní Adébọ́lá. Kì í ṣe orúkọ wọn gan-an nìyẹn. Akọ̀wé tẹ orúkọ wọn, kọ̀ǹpútà sì dáhùn pé wọn kò dá kọ́bọ̀ rí. Màmá wo ojú wa, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ọdún mẹ́ta tí mo fi ń dá owó, ta ni mo wá ń dá a fún?" Ojú tì wá. Ìwé àtijọ́ tí a ní kí wọ́n gbé sápá kan ni akọ̀wé tún lọ gbé jáde. Owó màmá pé síbẹ̀.

A lọ jókòó ti kóòdù náà. A kọ́kọ́ rò pé àlàfo kan ló wà lẹ́yìn orúkọ. A gé àlàfo, kò yí padà. A rò pé lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré ni. Kì í ṣe òun. A tẹ orúkọ méjèèjì síta, wọ́n jọra bí ìbejì. Ìgbà tí a ní kí Python ka iye ohun tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ilẹ̀ mọ́: ó ka 8 nínú ti àtẹ kìíní, ó ka 11 nínú ti àtẹ kejì. Orúkọ kan náà!

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Kọ̀ǹpútà kì í ka lẹ́tà, nọ́ńbà ló ń kà. Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà àwọn èdè ayé ní nọ́ńbà, fún ọ ní tirẹ̀, U+1ECD. Ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ọ́. Èèyàn lè mú ọ, kí ó fi àmì ohùn lé e lórí. Ó lè mú o lásán, kí ó fi àmì sí i nísàlẹ̀, kí ó tún fi sí i lókè. Ó sì lè bẹ̀rẹ̀ láti orí ó, kí ó wá fi tìsàlẹ̀ kún un. Lójú wa, ọ́ ni gbogbo rẹ̀. Lójú kóòdù tí a kò kìlọ̀ fún, ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Kíbọ́ọ̀dù ẹni tó tẹ àtẹ kìíní kò bá ti ẹni tó tẹ àtẹ kejì mu, SQLite tí a lò sì ń fi wọ́n wéra ní nọ́ńbà sí nọ́ńbà. Ibẹ̀ ni màmá ti sọnù.

Ọ̀rẹ́ wa kan tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àmì yín ló ń ba kóòdù jẹ́. Ẹ yọ gbogbo rẹ̀ kúrò, kí ayé yín dẹrùn." Òun nìkan kọ́ ló ń sọ ọ́. Ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá ti kọ orúkọ rẹ̀ bó ṣe yẹ sínú fọ́ọ̀mù kan ti gbọ́ ọ rí. Ọ̀rọ̀ yìí ni a ń bá jà.

Èkíní, irọ́ ni pé àmì ló jẹ̀bi. Lẹ́tà é tí àwọn Faransé ń lò náà ní ọ̀nà méjì tí a lè gbà kọ ọ́ nínú Unicode. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé ìlànà tí wọ́n ń pè ní NFC kalẹ̀, tó ń sọ gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí di ọ̀kan. Nínú Python, unicodedata.normalize("NFC", orúkọ) ni. Ìlà kan ṣoṣo! A fi sí ibi tí orúkọ ti ń wọlé, a tún fi sí ibi tí a ti ń wá a, màmá sì yọjú. Ṣé nítorí pé ẹnìkan kò fẹ́ kọ ìlà kan ni kí odidi èdè kan bọ́ra sílẹ̀?

Èkejì, yíyọ àmì kì í wo àìsàn náà sàn, òmíràn ló ń dá sílẹ̀. Ọlá ni iyì, ọlà ni ọrọ̀, ọ̀la ni ọjọ́ tó ń bọ̀. Bí ẹ bá yọ àmì Adéọlá àti Adéọlà, èèyàn méjì ti di ẹnìkan nìyẹn, owó wọn yóò sì dà pọ̀. Ìtọ́jú tí MySQL 8.0 ń fún ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ bí a kò bá yí i padà, utf8mb4_0900_ai_ci, kì í ka àmì sí. Kò ní sọ màmá nù, ṣùgbọ́n ó lè fi owó màmá fún ẹlòmíràn. Èwo ló burú jù?

Ẹ̀kẹta, àwọn àmì yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ní 1875, ní Èkó yìí kan náà, àwọn àgbà pàdé lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe. A kò ní torí ọ̀lẹ kóòdù dà á nù.

A gbà pé ọ̀rọ̀ ní ọ̀nà méjì. Orúkọ púpọ̀ ló wà ní báńkì àti lórí káàdì láìsí àmì, ọ̀pọ̀ fóònù kò sì jẹ́ kó rọrùn láti tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, kí ẹni tó bá tẹ "Adebola" rí gbogbo Adébọ́lá tó wà. Ẹ ṣe ààyè mìíràn nínú àtẹ fún orúkọ aláìlámì, kó wà fún wíwá nìkan. Ṣùgbọ́n wíwá yàtọ̀ sí títọ́jú. Orúkọ gan-an, ẹ fi í sílẹ̀ bí ẹni tó ni ín ṣe ń jẹ́ ẹ.

A ní ẹ̀bi tiwa náà, a kò sì ní fi pa mọ́. Orúkọ ni a fi so àtẹ méjèèjì pọ̀, kò sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́dá wà ní Alímọ̀ṣọ́, ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dá sì wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Bí orúkọ ìlú bá ń jọra, mélòó mélòó ni ti èèyàn? Nọ́ńbà ni kí a fún ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí nọ́ńbà yẹn so àtẹ pọ̀, kí orúkọ wà fún pípè. Ẹ má sì lo nọ́ńbà fóònù dípò rẹ̀: èèyàn ń pààrọ̀ rẹ̀, bí ẹ bá sì tọ́jú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iye, òdo iwájú yóò já bọ́.

Ẹ̀bi tó dùn wá jù ni ti ìdáhùn tí a fi sí i lẹ́nu. Kóòdù wa kò rí orúkọ, ó wá ní màmá kò dá owó. "N kò rí i" kì í ṣe "kò sí". Nígbà tí a fi LEFT JOIN béèrè àwọn tí orúkọ wọn kò bá nǹkan kan pàdé nínú àtẹ owó, màmá nìkan kọ́ ló jáde. Àwọn tó kù kò tíì wá yá owó ni, JOIN lásán tí a ń lò tẹ́lẹ̀ sì ń jù wọ́n nù láìfọhùn.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ wà ní báńkì, ní ilé-iṣẹ́ ìjọba, ní ibi tí wọ́n ti ń kọ kóòdù, ọwọ́ yín ló wà. Bí wọ́n bá ní kí ẹ yọ àmì, ẹ fi ìlà kan yẹn hàn wọ́n. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, ẹ má sọ pé ti àwọn oníkọ̀ǹpútà nìyẹn. Àwa la mọ ohun tí àmì kan ń ṣe nínú orúkọ. Bí a bá dákẹ́, ẹni tí kò mọ̀ ni yóò bá wa pinnu rẹ̀.