Síkírìnì Méjì, Bátìrì Kan

Ní Amẹ́ríkà, òfin gbà kéèyàn kọ́ ọkọ̀ òfurufú fúnra ẹ̀, kí ó sì fi síkírìnì tí ìjọba ò tíì yẹ̀ wò fọwọ́ sí síwájú awakọ̀, dípò àwọn mítà alábẹ́rẹ́ àtijọ́. Àwọn kan ní ikú ni wọ́n ń wá. Èmi ò gbà.

Ìfọwọ́sí ìjọba kì í lé àṣìṣe lọ. Lọ́dún 2015, àjọ FAA kìlọ̀ pé bí iná Boeing 787 bá wà ní títàn fún ọjọ́ 248 gbáko, àwọn ẹ̀rọ tó ń darí jẹnẹrétọ̀ ẹ̀ lè dáṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Òǹkà inú kọ̀ǹpútà ló máa kún! Boeing o, kì í ṣe ọkọ̀ inú gáráàjì.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyí: ẹni tó so síkírìnì méjì mọ́ bátìrì kan, tó ní bí ọ̀kan bá kú, ìkejì á ṣì wà. Ìkejì wo? Nínú láàbù, sẹ́ńsọ̀ ìgbóná méjì tí mo so mọ́ orísun iná kan jọ pa irọ́ kan náà fún mi, mo sì gbà wọ́n gbọ́ torí pé ohùn wọn dọ́gba. Ọ̀pá tó ń gba atẹ́gùn wọlé, tí wọ́n fi ń mọ eré ọkọ̀, náà ńkọ́? Bí kòkòrò bá dí i, síkírìnì méjèèjì á jọ ṣìnà ni. Mítà alábẹ́rẹ́ tó wà lórí ọ̀pá yẹn gan-an á bá wọn ṣìnà.

Tó bá jẹ́ èmi, síkírìnì kan tó ní bátìrì tiẹ̀, mítà eré kan tí kò nílò iná, kí oníkálukú ní ọ̀pá tiẹ̀.