Ọjọ́ Ìṣílé àti Ilẹ̀ Pákó

A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ìròyìn ayọ̀ ni ó pọ̀ jù nínú ìwé wa lóṣù yìí: ìkómọjáde mẹ́ta, ìgbéyàwó kan, àti ẹbí kan tí ó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ owó ilé sísan kí ó kó sínú ilé ara rẹ̀. Nípa ti ẹbí yìí, a gbọ́ pé àwọn kan ti ń kùn. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mejì ni a ti sún ọjọ́ ìṣílé síwájú, wọ́n ní aṣọ ẹbí ti wà nílẹ̀, wọ́n ní kí ni a tún ń dúró dè nígbà tí òrùlé ti wà lórí ilé. Pákó ni a ń dúró dè. Ilẹ̀ pákó ni wọ́n fẹ́ tẹ́ sí pálọ̀ àti yàrá méjì, pákó náà kò sì tíì gbẹ.

Àwọn tí wọ́n jẹun níbi ìṣílé kan ní ọ̀nà Sapele lọ́dún tí ó kọjá yóò rántí bí ilẹ̀ pálọ̀ ibẹ̀ ti ń dán. Ìrókò ni, ènìyàn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rí òjìji ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Oṣù kẹrin ni wọ́n da kọnkéré ilé náà. Oṣù kẹfà ni káfíńtà tẹ́ pákó lé e, nígbà tí òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, tí pákó náà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìlagi dé. Kò tó oṣù mẹ́ta tí etí pákó bẹ̀rẹ̀ sí í ká sókè bí ewé tí iná rà, tí ilẹ̀kùn yàrá kò sì ṣeé ṣí mọ́. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ó di òdì kejì: àlàfo là sílẹ̀ láàrin pákó kan àti èkejì, tí owó kọ́bọ̀ lè wọ̀ ọ́ ní òòró. Ìyá onílé, tí ó ti abúlé wá wo ilé tí ọmọ rẹ̀ kọ́ sí ìdálẹ̀, ni etí pákó kọ́ lẹ́sẹ̀ lóru. Ìyá ṣubú, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì ṣẹ́. A dúpẹ́ pé egungun náà ti so, ṣùgbọ́n ìyá ti padà sílé, kò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ pákó mọ́.

Onílé ń bú káfíńtà. Káfíńtà ní òun sọ pé kí wọ́n ní sùúrù, wọ́n ní ìwé ìpè ti jáde. Àwa kò jókòó ṣe adájọ́ wọn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí a sọ tinú wa, ọjọ́ ìṣílé ni ó ba ilẹ̀ náà jẹ́.

Omi méjì ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí: omi inú igi àti omi inú sìmẹ́ńtì. Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là lè gbé omi tí ìwọ̀n rẹ̀ ju ìdajì ìwọ̀n igi náà lọ bí ó bá gbẹ tán. Bí omi yìí bá ń jáde, pákó ń sún kì. Kì í sún kì ní gígùn rẹ̀ tí ó tó nǹkan. Ní ìbú ni ó ti ń sún kì, ibẹ̀ sì ni àlàfo ti ń là. Bí omi bá tún wọ inú rẹ̀, yóò tún wú. Àwa tí a ń fi iṣẹ́ àkọ̀wé jẹun ní rélùwéè mọ̀ pé irin pàápàá ń gùn sí i bí oòrùn bá mú un, ìdí nìyí tí àwọn tí wọ́n ń to ojú irin oníbóòtù fi ń fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ láàrin irin kan àti èkejì. Bí irin bá ń gbà á, kí ni a ó sọ ti igi?

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá pákó ti gbẹ, ẹ má ṣe gba ẹnu ẹni tí ó ń tà á. Ẹ gé ègé kékeré kan láti àárín pákó, kì í ṣe láti orí rẹ̀, nítorí orí ni ó kọ́kọ́ ń gbẹ. Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ẹ wá yan án nínú ààrò tí iná rẹ̀ kò le púpọ̀, kí ẹ máa wọ̀n ọ́n títí tí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi ní dín mọ́. Bí ó bá jẹ́ gíráàmù 560 tẹ́lẹ̀ tí ó wá di 500, omi inú rẹ̀ jẹ́ 12 nínú 100. Fún ilé tiwa níhìn-ín, bí ó bá wà láàrin 12 sí 15, a lè tẹ́ ẹ. Ti ẹbí tí a ń sọ yìí, 19 ni nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lóṣù tí ó kọjá, bẹ́ẹ̀ inú ilé ni wọ́n tò ó sí láti oṣù kẹta, pẹ̀lú igi tẹ́ẹ́rẹ́ láàrin pákó kan àti èkejì kí atẹ́gùn lè gba ibẹ̀. Àwọn òyìnbó máa ń ka ọdún kan fún pákó tí ó nípọn ní ínṣì kan. Ooru tiwa lè mú un yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n ni kí a gbà gbọ́, kì í ṣe kàlẹ́ńdà. Ẹni tí ó bá ní owó lè wá ilé ìlagi tí ó ní ààrò ìgbẹgi.

Ti sìmẹ́ńtì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣírò rárá. Kọnkéré le ní ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n líle kọ́ ni gbígbẹ. Ìṣírò tí àwọn bíríkìlà fi ń ṣọ́ra ni ọjọ́ kan fún mìlímítà kan títí dé 50, lẹ́yìn náà ó ń falẹ̀ sí i, tí kọnkéré ínṣì mẹ́rin fi lè gba oṣù márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìlú tí òjò ọdún kan ń tó 2,000 mìlímítà, ẹ ka oṣù márùn-ún náà láti ọjọ́ tí òrùlé ti bo ilé. Àyẹ̀wò rẹ̀ rọrùn: ẹ tẹ́ ọ̀rá tí ó mọ́lẹ̀ gaara, ẹsẹ̀ bàtà méjì ní ìbú àti òòró, sórí ilẹ̀ náà, kí ẹ fi téèpù lẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ yíká, kí ó wà bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sán kan àti òru kan. Bí ẹ bá ṣí i tí ẹ rí ìrì lábẹ́ rẹ̀, tàbí tí ojú kọnkéré dúdú ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, ẹ kó pákó yín dúró.

Àwọn kan ń sọ pé ilé àwọn bàbá wa ní pákó, kò sì ká sókè. Òótọ́ ni. Àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn Àgùdà kọ́ ní Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, pákó ni a fi tẹ́ òkè wọn. Ṣùgbọ́n òkè ni a wí: orí igi àjà ni pákó náà wà, atẹ́gùn sì ń fẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ti ìsàlẹ̀, erùpẹ̀ ni àwọn ìyá wa ń pa tí wọ́n ń dán, bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn tí ó gbà wá lálejò níhìn-ín. Ilé Ogiamien tí iná 1897 kò jó, tí ó wà títí di òní ní ọ̀nà Sakponba, ilé amọ̀ ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé igbó tí ó yí Ìbìní ká kún fún igi ńlá. Pákó tí a bá tẹ́ sórí kọnkéré ìsàlẹ̀ kò ní atẹ́gùn kankan àfi èyí tí a bá ṣe fún un. Nítorí náà, ọ̀rá ni kí a kọ́kọ́ tẹ́ sórí kọnkéré, kí etí rẹ̀ gun ara wọn ní ẹsẹ̀ bàtà kan, kí a tó to igi ìtẹ́lẹ̀ lé e, kí a tó wá kan pákó mọ́ igi náà. Kí a sì fi àlàfo ìdajì ínṣì sílẹ̀ yí ògiri ká. Pákó ẹsẹ̀ ògiri yóò bò ó mọ́lẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni a ó tẹ́ ẹ, òjò yóò sì padà, pákó yóò sì wá ibi tí yóò wú sí.

Irú igi wo ni kí a rà? Ìrókò, apá àti òpèpè le, ikán kì í sì í yára jẹ wọ́n. Ọ̀gànwó rẹwà, ṣùgbọ́n ó rọ̀ jù wọ́n lọ, yàrá ni ó yẹ. Arère, èyí tí ọjà àgbáyé ń pè ní obeche láti ẹnu àwọn ará Ẹdó, kò yẹ fún ilẹ̀ rárá, nítorí ó rọ̀, ó sì tètè ń jẹrà. Bí wọ́n bá kùn ún ní àwọ̀ ìrókò fún yín, ẹ fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Òpèpè ní tirẹ̀, ẹnu Yorùbá ni òyìnbó ti gbọ́ orúkọ náà, òun náà ni wọ́n sì ń pè é títí dòní. Ilé ìdáná àti balùwẹ̀, táìlì ni kí ẹ fi sí i. Ẹni tí kò bá sì lè dúró, kí ó fi táìlì sí gbogbo ilé, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Bí a bá ti kan pákó tán, kí a tẹ orí ìṣó wọlé kí ó má baà ya sáńdípépà. Nọ́ńbà 40 ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà 60 tàbí 80, kí a fi 120 parí rẹ̀, kí ọwọ́ sì máa tọ ojú ìlà igi lọ, nítorí èyí tí a bá fá ní ìdábùú, fáníìṣì ni yóò tú àṣírí rẹ̀. Kí ẹni tí ó ń fá a bo imú rẹ̀ dáadáa: eruku ìrókò ń mú ènìyàn sín, ó sì ń yún ara. Ìrókò tún ní òróró tirẹ̀ tí kì í jẹ́ kí fáníìṣì mìíràn gbẹ bọ̀rọ̀, nítorí náà kí a fi ẹ̀mu spírítì nù ún kí a tó kùn ún. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni kí a kùn ún, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí a sì fi sáńdípépà kíkúnná pa á díẹ̀ láàrin èkínní àti èkejì. Bí ó bá jẹ́ òróró linseed ni ẹ lò, ẹ má ṣe ká àkísà tí ẹ fi nù ún jọ sí igun ilé. Ó lè gbiná fúnra rẹ̀. Ẹ rì í sínú omi, kí ẹ sì tẹ́ ẹ síta.

Ìyàwó ilé tí a ń dúró dè yìí sọ fún wa pé ọdún 15 ni àwọn fi san owó ilé fún onílé, oṣù díẹ̀ kò lè pa àwọn. Bàbá rẹ̀ tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún ń bọ̀ wá bá wọn gbé, kò sì ríran dáadáa mọ́. Ẹ jẹ́ kí a fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n parí iṣẹ́ wọn.

Wọn yóò tún yan pákó náà wò ní ìparí oṣù kọkànlá. Bí ó bá ti gbẹ, ìṣílé yóò jẹ́ Sátidé kejì oṣù kìíní, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Aṣọ ẹbí tí ó wà lọ́wọ́ akápò kò yí padà. Ẹ̀yìnkùlé ni a ó ti dáná, ibẹ̀ náà ni a ó to àga sí, kí àwọn ìyá tí wọn yóò wọ bàtà onígìgísẹ̀ gogoro sì mú sálúbàtà dání bí wọ́n bá fẹ́ wọ pálọ̀.