Kí Ni Àwọn Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Yunifásítì Ń Wádìí?

Bí ọmọ kan bá wọlé tọ baba rẹ̀ lọ, tí ó ní òun fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní yunifásítì, inú baba yóò dùn, yóò sì pe ará ilé kí wọ́n wá gbọ́. Bí ó bá ní iṣẹ́ amòfin ni òun fẹ́ kọ́, baba yóò gbàdúrà fún un. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni òun fẹ́ lọ kọ́, baba yóò kọ́kọ́ wò ó lójú ná, yóò sì bi í léèrè pé, "Ìwọ ọmọ yìí, Gẹ̀ẹ́sì tí o ti ń sọ láti ọjọ́ yìí ńkọ́? Kò tíì tó ọ?" Ìbéèrè yìí kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀ rárá. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí àwọn olùkọ́ inú ẹ̀ka náà ń fi ọjọ́ ayé wọn ṣe, yóò rò pé bí a ti ń fi imú sọ̀rọ̀ bí òyìnbó ni wọ́n ń kọ́ni níbẹ̀.

Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé iṣẹ́ méjì ni ó wà lọ́rùn olùkọ́ yunifásítì. Ó ní láti kọ́ni, ó sì ní láti wádìí ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè yẹ̀ ẹ́ wò. Orúkọ kan ṣoṣo ni ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ń jẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí olúkúlùkù inú rẹ̀ ń lé kiri kò dọ́gba. Olùkọ́ kan ń fetí sí bí àwọn ará ìlú ti ń pe ọ̀rọ̀. Èkejì rẹ̀ ń tú gírámà palẹ̀. Ẹlòmíràn ń wo bí dókítà àti aláìsàn ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, tàbí bí amòfin ti ń fi ìbéèrè há ẹlẹ́rìí mọ́ ilé ẹjọ́. Ní ìhà kejì, ẹnì kan wà tí kò mọ̀ ju eré Shakespeare lọ, ẹnì kan sì wà tí ó jẹ́ pé àlọ́ abẹ́ òṣùpá ni ó ń kó jọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bí ẹ̀ka kan ti dára tó, kí ó má ṣe wo bí ilé rẹ̀ ti ga tó. Kí ó béèrè pé, kí ni àwọn olùkọ́ ibẹ̀ ń wádìí, ta ni ìwádìí náà sì ń ṣe láǹfààní? Lórí ìbéèrè kejì yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń di àríyànjiyàn.

Bí a bá ń wá àpẹẹrẹ, kò sí èyí tí ó sún mọ́ ni tó ti Ìbàdàn. Ní ọdún 1948 ni a dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga náà sílẹ̀ lábẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, oyè Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì ń gbà títí di ọdún 1962 tí ó fi dá dúró gẹ́gẹ́ bí yunifásítì. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Lọ́ńdọ̀nù ni ó ń fọwọ́ sí ìdánwò, nítorí náà ewì àti eré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ Èkìtì àti ọmọ Ìgbò jọ ń kà. Ní ọdún 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Molly Mahood, obìnrin ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ipò ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ títí di ọdún 1963. Ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1957 dá lórí bí Shakespeare ti ń fi ọ̀rọ̀ dárà. Ìwé rere ni. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà ṣì ń kà á. Ṣùgbọ́n ohun tí ó yẹ ní àfiyèsí ni pé ogún ọdún lẹ́yìn náà, ní ọdún 1977, ìwé mìíràn jáde láti ọwọ́ obìnrin yìí kan náà, nínú èyí tí ó gbé ìtàn àròsọ Chinua Achebe kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Conrad àti ti Forster, tí ó sì fi òṣùwọ̀n kan náà wọ̀n wọ́n. Ta ni yóò sọ pé Ìbàdàn kò kọ́ olùkọ́ náà ní nǹkan kan?

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ Ulli Beier. Ọmọ Jámánì ni, ó dé Ìbàdàn ní ọdún 1950 láti wá kọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà bí a ti ń pe ìró èdè Gẹ̀ẹ́sì. (Kí ọmọ Jámánì wá kọ́ ọmọ Yorùbá ní ohùn àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ayé a máa pani lẹ́rìn-ín nígbà mìíràn.) Kò pẹ́ tí iṣẹ́ náà fi sú u. Ó bọ́ sí ìgboro láti máa kọ́ àwọn àgbàlagbà lẹ́kọ̀ọ́, ó sì dara pọ̀ mọ́ Janheinz Jahn láti dá ìwé àtìgbàdégbà Black Orpheus sílẹ̀ ní ọdún 1957. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, J. P. Clark, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn ewì kékeré kan tí a ń pè ní The Horn, olùkọ́ rẹ̀ Martin Banham sì ń gbà á níyànjú.

Àkókò tí ọ̀rọ̀ náà di tiwa gan-an ni ìgbà tí àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí gorí àga. Ayọ̀ Bánjọ, ẹni tí ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní ọdún 1975, tí ó sì ṣe gíwá yunifásítì náà láti ọdún 1984 di 1991, fi gírámà Gẹ̀ẹ́sì wé ti Yorùbá nínú iṣẹ́ tí ó fi gba oyè Dókítà ní ọdún 1969. Ẹni tí kò bá ronú jinlẹ̀ yóò ní, kí ni èyí wà fún? Ẹ wo ọmọ kíláàsì kejì tí ó ń kọ àròkọ nípa ìyá rẹ̀, tí ó sì ń fi ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ ti ọkùnrin pe ìyá náà láti òkè délẹ̀. Tíṣà rò pé olódo ni, ó sì nà án. Bẹ́ẹ̀, ọmọ náà kò yàgò kúrò lórí òfin. Òfin èdè ìyá rẹ̀ ni ó ń tẹ̀ lé, nítorí pé "ó" kan ṣoṣo ni Yorùbá ń lò fún ọkùnrin, obìnrin, ewúrẹ́ àti òkúta. Bákan náà, èdè Yorùbá kì í jẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì tẹ̀ lé ara wọn. Ìdí nìyí tí oúnjẹ àwọn òyìnbó fi di búrẹ́dì lẹ́nu wa, a fi fáwẹ́lì lá a láàárín. Ẹni tí ó bá ti fi èdè méjèèjì wé ara wọn yóò mọ ibi tí ọmọ náà yóò ti kọsẹ̀ kí ọmọ náà tó dé ibẹ̀. Irú ìmọ̀ yìí wúlò ju pàṣán lọ.

Ọ̀yìn Ògúnbà tún lọ jìnnà ju èyí lọ. Àwọn ọdún ìbílẹ̀ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, gẹ́gẹ́ bí eré, ni ó wádìí fún oyè Dókítà ní Ìbàdàn ní ọdún 1967. Nígbà tí ó wá kọ ìwé lórí àwọn eré Wọlé Ṣóyínká ní ọdún 1975, ojú tí ó ti rí eégún àti agemọ lójú agbo ni ó fi wò wọ́n. Isidore Okpewho ní tirẹ̀ kọ́ni ní Ìbàdàn láti ọdún 1976 títí di 1990. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní òkè òkun ti ń sọ pé kò fi bẹ́ẹ̀ sí ìtàn akọni gígùn tí a ń fi ohùn ewì sọ ní Áfíríkà, irú èyí tí Homer ṣe fún àwọn Gíríìkì. Ìwé tí Okpewho tẹ̀ jáde ní ọdún 1979 dá wọn lóhùn, ó sì fi ti Sunjata àti ti Mwindo wé ti Homer láìbẹ̀rù. Níyì Ọ̀ṣúndáre, ọmọ àgbẹ̀ láti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, ń wádìí ọnà inú èdè, òun fúnra rẹ̀ sì ń kọ ewì tí ohùn Èkìtì kún inú rẹ̀.

Ní apá kejì Áfíríkà, wọn kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1968, ọ̀mọ̀wé mẹ́ta ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìlú Nairobi, àwọn ni Ngũgĩ wa Thiong'o, Henry Owuor-Anyumba àti Taban lo Liyong, kọ ìwé pé kí a pa ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì rẹ́, kí a sì fi ẹ̀ka mìíràn rọ́pò rẹ̀, nínú èyí tí Áfíríkà yóò wà láàárín gbùngbùn tí àwọn ilẹ̀ yòókù yóò sì yí i ká. Ariwo pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ka náà yí padà, orúkọ rẹ̀ pàápàá sì yí padà.

Èwo ni ó dára jù nínú ọ̀nà méjèèjì? Àwọn kan ń yin Nairobi, wọ́n ní Ìbàdàn ṣojo. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Pátákó ẹnu ọ̀nà ni ó rọrùn jù láti yí padà. Ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì ni ó ń fẹ́. Ohun tí ó ṣòro ni kí olùkọ́ tí ó mọ Shakespeare dunjú gbéra lọ jókòó níwájú onílù ní abúlé, kí ó sì gbà pé òun kò mọ nǹkan kan. Ògúnbà ti ṣe ìwádìí tirẹ̀ parí lábẹ́ orúkọ àtijọ́ kí àwọn ará Nairobi tó kọ̀wé wọn. Síbẹ̀, ó yẹ kí a gbà fún wọn pé wọ́n sọ ní gbangba ohun tí Ìbàdàn ń ṣe wúyẹ́wúyẹ́. Níbi tí a kò bá ti sọ ọ́ ní gbangba, ọdọọdún ni ẹnì kan yóò máa béèrè pé kí ni àlọ́ ń wá nínú ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì, ìdáhùn kò sì ní tán láéláé.

Ẹ̀bi tí ó wúwo jù kò sí lọ́rùn orúkọ rárá. Bí olùkọ́ bá fẹ́ gòkè, wọn yóò ka iye ìwé tí ó ti kọ, èyí tí ó bá sì jáde ní òkè òkun ni a ń kà kún jù. Nítorí náà, oníjàálá yóò sun ìjálá sínú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, onílù yóò lu ìlù, ìyá àgbà yóò pa àlọ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Olùkọ́ yóò dúpẹ́, yóò lọ, ohun tí ó kọ yóò sì wà ní Gẹ̀ẹ́sì nínú ilé ìkàwé tí ọmọ ìyá àgbà náà kò lè dé. Ti gírámà kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mélòó nínú àwọn tíṣà ìgbèríko ni ó rí ìwé tí yóò sọ fún wọn ní èdè tí ó yé wọn pé ọmọ tí ó ń ṣi Gẹ̀ẹ́sì sọ kì í ṣe olódo?

A lè wí àwíjàre pé, bí a kò bá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, báwo ni ayé yóò ti mọ̀? Àwíjàre náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ dé àyè kan. Ká ní èdè Ùróbò ni Okpewho fi kọ ìwé tirẹ̀, àwọn tí ó ń bá wí kì bá tí gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ni ó sọ pé ọ̀kan ṣoṣo ni a gbọ́dọ̀ mú? Ọ̀jọ̀gbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni J. P. Clark ní Yunifásítì Èkó ní ọdún 1977 tí ìwé Ozidi jáde. Ìtàn àwọn Ìjọ̀ ni. Ó ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu Okabou Ojobolo. Nínú ìwé ńlá náà, èdè Ìjọ̀ wà lójú ewé kan, Gẹ̀ẹ́sì sì kọjú sí i lójú ewé kejì, tí ó fi jẹ́ pé ọmọ Ìjọ̀ lè ka ọ̀rọ̀ baba rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí baba ti sọ ọ́. Orúkọ Okabou sì wà níwájú ìwé náà pẹ̀lú ti ọ̀jọ̀gbọ́n.