Ẹni Tó Ń Gba Owó Láísẹ́ńsì, Kó Wá Ṣírò Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ owó la tún gbé wá o, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó epo mọ́tò. Owó kan ni tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í fọkàn sí, nítorí kì í ṣe ọwọ́ wa ni wọ́n ti ń gbà á. Owó láísẹ́ńsì ni, èyí tí nọ́ọ̀sì, dókítà, tíṣà àti ẹni tó ń ta oògùn ní ìsọ̀ kẹ́mísìtì ń san fún ìgbìmọ̀ ìjọba kí wọ́n tó lè ṣiṣẹ́.

Ẹ má ṣe sọ pé kò kàn yín. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni nọ́ọ̀sì ń tún ìwé tirẹ̀ gbà, dókítà ń san tirẹ̀ lọ́dọọdún. Àwọn tíṣà, wọ́n fún wọn ní gbèdéke ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2019 pé ẹni tí kò bá ní ìwé kò gbọdọ̀ dúró níwájú ọmọ mọ́. Onísọ̀ oògùn tí kò bá ní ìwé àṣẹ, àgádágodo ni wọn ó fi sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Bí ìsọ̀ yẹn bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo tí abúlé ní ńkọ́? Ta ni yóò rìn lọ sí ìlú mìíràn lóru nítorí oògùn ibà? Bí wọ́n bá sì fi owó lé owó láísẹ́ńsì, orí oògùn ni onísọ̀ yóò gbé e lé. Ẹ̀yin lẹ ó san án.

Kí ẹnikẹ́ni má purọ́ mọ́ wa o. A ò sọ pé kí ìwé àṣẹ kásẹ̀ ńlẹ̀. Ta ló fẹ́ kí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ gún ọmọ òun lábẹ́rẹ́? Ohun tí à ń bèèrè ni pé: báwo ni wọ́n ṣe ń dá iye owó náà? Kí ni wọ́n ń fi í ṣe? Bí ó bá ṣẹ́kù, ibo ló ń gbà lọ?

Bí ẹni tó ń ta gààrí bá gbówó lé ọjà rẹ̀, ẹ óò kọjá sọ́dọ̀ ẹnìkejì. Nọ́ọ̀sì kò rí ọ̀dọ̀ ẹnìkejì lọ. Iye tí ìgbìmọ̀ bá pè ni yóò san. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣírò ju ẹnikẹ́ni lọ. Alájọ tó ń yí Ṣàngó ká láràárọ̀, tí kì í ṣe ìjọba, ó ní káàdì fún oníkálukú. Tí oṣù bá parí, ó ń ṣírò. Owó iṣẹ́ tirẹ̀ kò sì pamọ́: owó ọjọ́ kan ni, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ṣé àwọn ọ̀gá tó wọ kóòtù ní Àbújá kò lè ṣe tó alájọ ni?

Ẹ wo JAMB. Kì í ṣe ìgbìmọ̀ láísẹ́ńsì, ṣùgbọ́n ẹnu ibodè ni òun náà jókòó sí, kò sí ọmọ tó lè gba ibòmíràn wọ yunifásítì. Ní 2016, wọ́n fi Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede ṣe olórí rẹ̀, ẹni tó ti jẹ́ ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìlọrin wa níbí láti 2007 sí 2012. Ní 2017, JAMB san owó tó lé ní bílíọ̀nù 5 náírà sí àpò ìjọba àpapọ̀. Ìjọba fúnra rẹ̀ sọ nígbà náà pé èyí tó pọ̀ jù tí àjọ yẹn ti san rí kò ju mílíọ̀nù 3 lọ. Àjọ kan náà, ìdánwò kan náà! Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìròyìn gba ìlú kan pé ejò gbé mílíọ̀nù 36 náírà mì ní ọ́fíìsì JAMB ní Makurdi. A rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n owó àwọn òbí ni.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, bílíọ̀nù 5 yẹn náà, owó àwọn òbí ni. Bí owó bá ṣẹ́kù tó bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé owó fọ́ọ̀mù ti pọ̀ jù. Ohun tó dùn mọ́ wa jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé láti ìbẹ̀rẹ̀ 2019, wọ́n dín owó fọ́ọ̀mù kù láti 5,000 náírà sí 3,500. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Kí ni òfin wí? Òfin ìnáwó ìjọba ti 2007, tí wọ́n ń pè ní Fiscal Responsibility Act, ní kí àwọn àjọ tí ó dárúkọ mú ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó bá ṣẹ́kù wá sí àpò ìjọba. Ó dára kí wọ́n má jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ìjọba bá ti gbójú lé àṣẹ́kù, owó láísẹ́ńsì di owó orí tí a kò dárúkọ. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní ìpín 85, kò sì jẹ́ kí Ọ́dítọ̀ Àgbà fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ọ́díìtì àwọn àjọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ni yóò mú ọ́dítọ̀ nínú orúkọ tó bá kọ fún wọn. Òun á wá sọ tẹnu rẹ̀ lórí ìwé tí wọ́n bá gbé wá. Bí wọn kò bá gbé e wá ńkọ́? Ibẹ̀ lọ̀ràn wà.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ. Ní 2023, ìjọba àpapọ̀ kọ̀wé sí àwọn ìgbìmọ̀ iṣẹ́ wọ̀nyí pé láti ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2026, wọn kò ní í rí owó gbà mọ́ nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí a já oúnjẹ rẹ̀ gbà, ara ta ni yóò ti jẹun? Ara nọ́ọ̀sì, ara tíṣà, ara onísọ̀ oògùn. Lẹ́yìn náà, ara yín.

Nǹkan mẹ́ta là ń fẹ́. Èkíní, kí ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ iye owó rẹ̀ àti ìṣirò ọdún tó kọjá mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì rẹ̀, kí ó sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn. Èkejì, kí wọ́n tún òfin 2007 ṣe, kí owó tó bá ṣẹ́kù kọ́kọ́ dín owó láísẹ́ńsì ọdún tó ń bọ̀ kù kí ó tó dé Àbújá. Ẹ̀kẹta, kí ẹni tó ń sin ará abúlé san owó tó kéré sí ti ará ìgboro.

Ìpín 88 nínú ìwé òfin fún àwọn aṣòfin lágbára láti pe irú àjọ bẹ́ẹ̀ kó wá rojọ́. Nítorí náà, nígbà tí olùdíje bá gbé ìrẹsì àti aṣọ wá sí Ṣàngó, ìbáà jẹ́ ti ẹgbẹ́ wa pàápàá, ẹ bi í pé: “Ìgbìmọ̀ wo lẹ ó pè kó wá ṣírò owó?” Bí kò bá rí èsì fọ̀, ẹ gba ìrẹsì, ẹ fi ìbò yín sápò. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.